Ẹ̀wù Tí O Fi Sílẹ̀ Láìní Bọ́tìnnì

“Ọkọ aránṣọ yẹn gbọ́dọ̀ padà wálé, àǹtí! Ta ni yóò ra àwo orin tí wọ́n já ọkùnrin jù sílẹ̀ sójú ọ̀nà?”

Ohùn Dúdú-Funfun nìyẹn, atẹ-pianó wa, nínú sítúdíò, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo ní ṣé ẹnu tó fi ń pàṣẹ yìí ló fi ń bá ìwọ àbúrò mi sọ̀rọ̀ nígbà tí o wà láyé? Ó ní òun kò bá òkú jà, alààyè lòun ń bá jà. Mo ní ó káre, èmi náà kò níbi í lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Mo ní kó lọ gbé ọ̀bẹ wá.

Àbúrò mi, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́ta náà la sì fi ń jà lórí ẹ̀wù kan.

Ìwọ lo dá a sílẹ̀. Láti ìgbà èwe wa la ti ń lu páànù, tí à ń fọn páìpù omi, tí à ń ṣí ilẹ̀kùn tó ń han níwájú maíkì, tí àwọn èèyàn ń bi wá pé orin dà níbẹ̀. A ò sọ ìtàn kankan rí. Ìgbà tí irun wa funfun tán lo wá ní àwo yìí yóò jẹ́ ìtàn: obìnrin aránṣọ kan ń rán ẹ̀wù de ọkọ rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Orin kan fún apá, ọ̀kan fún ọrùn, ọ̀kan fún àpò. Èmi ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń fi ọwọ́ lu ìlù.

Ṣùgbọ́n àṣà tìrẹ yẹn! O kì í sọ ibi tí orin ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu maíkì lo ti ń sọ ọ́, àwa a sì máa sáré tẹ̀ lé ọ bí ẹni tó ń lé ọkọ̀ tó ti gbéra. O ní bí olórin bá ti mọ òpin, ọwọ́ rẹ̀ á ya ọ̀lẹ. A gbà fún ọ. Ó wá ku orin bọ́tìnnì nìkan, orin ìparí, ìwọ náà bá kú. Ta ló mọ̀ bóyá ọkọ dé? Kò sí. O gbé e lọ. Inú ń bí mi sí ọ, n kò ní purọ́ fún òkú.

Láti ìgbà náà, nǹkan ò dúró dè ọ́. Ọmọ rẹ obìnrin ti ń wa ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń sáré bíi tìrẹ. Ìka onígìtá wa ti ká kò. Ṣíbí ló fi ń ha okùn báyìí, ohùn rẹ̀ ìbá wù ọ́. Ìyàwó rẹ kun pálọ̀ ní àwọ̀ tí o kórìíra. Mo wò ó títí, ó dára.

Ní tèmi, mo fẹ́ kí orin ìparí ṣófo níbi tí ohùn rẹ ìbá wà, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹnìkan kò sí níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo jókòó sídìí ìlù tí n kì í yíjú sọ́wọ́ òsì wò ọ́. N kì í rí ọ. Mo ṣì ń wò.

Ibi tí a ti ń jà lórí èyí, lọ́jọ́ ìrántí rẹ gan-an, ni ìyàwó rẹ ti dìde. Obìnrin tó ti ń gbé oúnjẹ wá bá wa láti ọjọ́ yìí wá, tí kò dá sí iṣẹ́ wa rí. Ó jókòó sórí àga rẹ. Ó ní ká máa lù. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo tẹ ẹ̀rọ. Ó ní aránṣọ náà kan bọ́tìnnì tán, ó gbé ẹ̀wù kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń dúró. Òjò lọ, òtútù dé. Ọkọ rẹ̀ ń dùn ún. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú gan-an, ó fa ẹ̀wù náà yọ, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ká apá rẹ̀ sókè nítorí ó gùn jù, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

Dúdú-Funfun gbọ́wọ́ kúrò lórí pianó. “Ìyàwó wa, bí ọkọ bá wá dé ńkọ́?”

Kò wojú rẹ̀. Ó sún mọ́ maíkì.

“Kó rán tiẹ̀.”