Ipin Ojú Ìbọn Bàbá Yín

Adélékan ọmọ mi, Àlàó,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà ní Akpakpa, ṣé omi ọ̀sà kò wọlé bá yín nínú òjò tó rọ̀ yìí? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ẹja ṣìnà nínú omi kò ní jẹ́ kí ìwọ náà ṣìnà láàárín èrò. Ara wa le níbí ní Pọ́bẹ̀. Lọ́lá, ìyàwó àbúrò rẹ, ti bímọ, etí ọmọ náà jọ tìrẹ gan-an, ewúrẹ́ mi dúdú náà sì bímọ, wọ́n sì ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀dà.

Lọ́lá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù òun, pé ohùn mi á rìn lọ bá ọ. Mo rò ó, mo ní rárá. Bí ohùn mi bá ń lọ sí Kútọnù, Sèmè ni yóò gbà kọjá, àwọn èrò ibẹ̀ á sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ bàbá yín ni, ìdí nìyí tí mo fi ń fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

O rántí ojú ìbọn tí o fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún tó kọjá, dígí kékeré tí wọ́n dè mọ́ orí ìbọn, tí èèyàn bá yọjú wò ó, á rí àmì pupa kan bíi hóró wẹ́rẹ́njéjé. Bàbá yín ní ibi tí àmì náà bá bà lé ni ọta ń lọ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé gèlè ìsìn mi ni wọ́n fi ń nù ún. Wọn kì í pa á, wọn kì í sì í yọ òkúta iná inú rẹ̀ tó dà bíi ti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ oko kì í dijú. Èmi náà máa ń kí i bí mo bá ń kọjá, torí n kò mọ ohun tó ń rí.

Òjò wá dé, ìbọn wà lórí àjà, kò sẹ́ni tó lọ sóko. Nígbà tí òjò dá, ìmàdò ti hú ẹ̀gẹ́ wa. Bàbá yín gbé ìbọn láàárọ̀ kùtù, ìkùukùu bo gbogbo oko. Wọ́n rí nǹkan dúdú tó tẹ̀ ba sáàárín ẹ̀gẹ́, tó ń tú ilẹ̀. Wọ́n gbé ìbọn sójú, wọ́n wá àmì pupa, kò sí. Wọ́n mì ín, wọ́n gbá a, wọ́n rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó lajú. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ìmàdò ti sín. Ó sín tán, ó ní alihamudulilai.

Ràhámátù ni, aya aládùúgbò wa, tó ń ṣa olú. Bàbá yín gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ràhámátù kí wọn, ó ní ẹ kú àárọ̀ o, bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń wá olú ni? Wọ́n ní olú làwọn ń wá. Ó bá fún wọn nínú tirẹ̀. Mo sè é, wọn kò jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo wo ojú ìbọn náà, mo rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fẹ́ dàwọ̀ ewé. Mo ní ipin nìyí, ojú ń dùn ún. Mo bẹ Lọ́lá pé kó fún omi ọyàn sí i bí a ti ń ṣe fún ọmọ tuntun, Lọ́lá ní ọyàn òun kì í ṣe ti ìbọn. Bàbá yín bá yọ ọta, wọ́n tú ojú náà kúrò lórí ìbọn, mo gbé e lọ bá Ràzáàkì tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Ràzáàkì fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ó ṣí i, ó fa òkúta inú rẹ̀ jáde. Òkúta ti ya, omi ara rẹ̀ ti ṣàn, ó ti gbẹ di ìyẹ̀fun. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, ó ń jóni, pé bí òkúta bá pẹ́ nínú nǹkan, bó ti ń ṣe nìyẹn. Adélékan, òkúta kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó ṣàn rí ni ti aginjù inú Bíbélì, ìyẹn sì ṣeé mu. Ó gbọn ìyẹ̀fun náà sórí bébà níta, ó ti òwú bọ inú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi kan ibi tí òkúta máa ń fẹ̀yìn tì, ó hó ṣùù! Ó ń nù ún títí irin fi ń dán. Ó ní kí n wá ọtí sódábì tó le, kí omi ọsàn má baà dógùn-ún sí i. Ti bàbá yín ni mo bù wá. Ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó fi òkúta tuntun sí i, àmì pupa tàn.

Mo fayọ̀ sáré wálé, mo ní ojú ti là. Bàbá yín gbé e sójú, wọ́n wo àgbàlá, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ewúrẹ́ ta ni wọ́n so sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ọmọ mi, pásítọ̀ wa ni. Ó ti ń juwọ́ sí wọn tipẹ́.

Ìgbà náà ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ní àmì yìí ń fi ibi tí ìbọn kọjú sí han àwọn, kì í fi ẹni tó wà níbẹ̀ hàn. Wọ́n ní ó pẹ́ tó jẹ́ pé ohùn làwọn fi ń dá wa mọ̀. Èmi tí mo ń sùn tì wọ́n, n kò mọ̀.

Wọ́n ti gbé ìbọn fún àbúrò rẹ. Ojú ìbọn náà nìyí lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, mo ti yọ òkúta rẹ̀. Kí o tà á, kí o fi kún owó dókítà ojú tí wọ́n ń bọ̀ wá rí ní Kútọnù. Bí kò bá tó, fi tìrẹ sí i, fi owó ọkọ̀ èmi náà kún un, n kò lè jẹ́ kí àlejò fà wọ́n lọ́wọ́ kọjá afárá. Sọ fún dókítà pé kó má fi àmì pupa sójú wọn o, kó jẹ́ kó mọ́lẹ̀ lásán.

Wọ́n tìkára wọn lọ jẹ́wọ́ fún Ràhámátù. Ó ní láti òní lọ, òun á máa kọrin bí òun bá ń ṣa olú. Láàárọ̀ yìí, a gbọ́ orin rẹ̀ láti inú oko. Bàbá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́tí títí ó fi jìnnà.

Ibi kò ní ríbi bà lé lára rẹ. A ó bá ọ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.