Ẹ Wà Níbi Tí Ẹ Wà ní Ayépé

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ọmọ yín ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Ìwé kékeré tí mo kà náà tó mi í lò. Ṣé ẹ rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde? Nínú gbogbo àwa tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà, èmi nìkan ni mo ní kọ̀ǹpútà.

Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé n ó hú egungun yín kúrò nínú yàrá yín ní Ayépé, kí n wá tẹ́ yín sí ilé mi, lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́ràsò tó ń dán. Ilé tọ̀hún ti ń jò. Ṣé baba irú èmi ni yóò máa sùn lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún?

Fọlákẹ́, ọmọ mi tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló dá mi dúró, kò sì mọ̀. Fáìlì àwọn oníbàárà wa, ọ̀kan ṣoṣo ni. Kí akọ̀wé àti akápò má bàa máa wá a kiri, ó tẹ àṣẹ kúkúrú kan, ó fi orúkọ fáìlì náà sí àyè oníkálukú nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ yẹn kì í ṣe fáìlì o, ó kàn ń júwe ibi tí fáìlì wà ni. Bí èèyàn bá ṣí i, yóò mú un débẹ̀. Ajúwelé ni mo sọ ọ́.

Mo wá ní kí fáìlì gan-an wà ní àyè tèmi. Ṣebí èmi ni mo ni ín? Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e wá. Nígbà tí akọ̀wé ṣí tirẹ̀, ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan. Ti akápò náà, bákan náà. Mo bínú pé orúkọ ṣáà nìyí níwájú mi.

“Dádì, orúkọ wà, ibi tó ń júwe ló ti ṣófo.”

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n ronú kàn yín. Àbúrò yín, Ìyá Ìmùṣin, ló sọ sí mi lọ́kàn. Kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dé Ayépé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà yín. Yóò wúkọ́ bí ẹ ti máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọlé, yóò kúnlẹ̀, yóò fẹjọ́ mi sùn. Kí ló tilẹ̀ ń sọ nípa mi? Bí mo bá gbé yín, ṣé ilẹ̀ lásán ni yóò máa bá sọ̀rọ̀?

Fọlákẹ́ ti dá fáìlì padà sí àyè rẹ̀, gbogbo ajúwelé sì ti ṣí. Èmi náà ò hú yín mọ́. Páànù tuntun ni mo ń kó bọ̀ ní Ayépé, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní lágbègbè yẹn. Ẹ má ṣípò. N ó wúkọ́ kí n tó wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó là, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà.