Eégbọn Kan Ṣoṣo Lórí Ọ̀rọ̀ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìkíni mìíràn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún kan tí a sin yín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn. Òjò ti ń rọ̀. Koríko ti hù lórí yín, ó tutù yọ̀yọ̀, Adúmáadán, abo màlúù yín, sì ti fẹ́ lọ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ló lé e. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ ni, torí mo mọ̀ pé kò ní bí yín nínú.

Orí táyà ògbólógbòó tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹran ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Ìyá wà nínú ilé, ó ń fi ìpara ra èjìká rẹ̀. Èjìká yẹn wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra débẹ̀.

Ṣé ẹ ṣì rántí àárọ̀ yín? Bí ẹ bá ti kírun Súbúì tán, ẹ ò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa, ó di ọgbà ẹran. Màlúù méjèèje lẹ máa kí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, ẹ ó bi wọ́n bóyá yànmùyánmú jẹ́ kí wọ́n sinmi, lẹ́yìn náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá dá Ìyá lóhùn. Ìyá a máa ní òun ò lówú fún obìnrin kankan ní gbogbo Erúnmu yìí, pé orogún tòun ìwo ló ní. Ẹ ó wá jókòó, ẹ ó máa yọ eégbọn lára wọn, lábẹ́ etí, lábẹ́ ìrù, ẹ ó máa jù wọ́n sínú agolo mílíìkì tí ẹ bu kẹrosíìnì sí. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe é. Ẹ ní ọwọ́ wa le.

Bí Iléyá bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó ta àwọn akọ tó bá ti sanra, ẹ ó fi àwọn abo àti ọmọ wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń jẹran, ẹja lẹ máa ń fi jẹ iyán. Àwọn ọ̀rẹ́ yín á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹ ò lè jẹ ẹ́ lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin náà lẹ fún mi lórúkọ tí gbogbo ilé ń pè mí títí dòní. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní àmì ohùn, mo kọ lẹ́tà kan sí yín, mo sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, torí pé mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó yín kò ṣòfò. Ìgbà tí mo wálé fún ọlidé, ẹ gbé lẹ́tà náà sókè síwájú oòrùn. Ẹ ní, "Tíṣà, kí ni gbogbo eégbọn tí o kó sára ọ̀rọ̀ yìí?" Ẹ ní ọ̀rọ̀ tiyín ara rẹ̀ mọ́, kò ní eégbọn lára, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí ẹ ń wí. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ mọ bí àìsàn náà ṣe mú yín. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ iṣẹ́, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹ fi ọwọ́ òsì júwe pé kí n mú pẹ́ńsùlù wá. Ìyá wà níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi náà ti dé láti Alákíà tó ti ń ṣe iṣẹ́ táyà. Mo gbé ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi sábẹ́ ọwọ́ yín. Ó pẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ tán, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń yí gbirigbiri bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọ́ ìwé:

E MA TA WON

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ta ni wọn ì bá tún yíjú sí? Èmi ni tíṣà. Mo kà á sókè: "Ẹ má tà wọ́n." Ẹ gbójú sókè, ẹ wò mí. Ẹ fi ìka lu ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ẹ ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún na ọwọ́ mú pẹ́ńsùlù, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu yín, àánú yín sì ṣe mí. Mo gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ yín. Mo ní, "Ó ti yé wa, Bàbá. Ẹ sinmi." Ẹ dijú. Ẹ ò tún bèèrè pẹ́ńsùlù mọ́ títí ẹ fi lọ.

Kí lẹ fẹ́ kọ sí i?

Oṣù kan lẹ́yìn tí a sin yín, Iléyá dé. Àwọn oníbàárà yín wá láti ọjà màlúù Akínyẹlé bí wọ́n ṣe máa ń wá. Akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán, ẹ fúnra yín lẹ bọ́ wọn dé ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ó dá ẹ lójú? Bàbá tó ń ta akọ lọ́dọọdún?" Mo ní ó dá mi lójú. Ìyá wọlé lọ mú ìwé náà jáde nínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá wé e. Ó ní, "Wàsíyà bàbá yín nìyí. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ lójú mi." Àwọn oníbàárà bá wa dárò yín, wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Ṣé kí n sọ òótọ́? Inú mi dùn. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ó dà bí ẹni pé bí wọ́n bá ṣì wà nínú ọgbà, ẹ̀yin náà ò tíì lọ tán.

Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Koríko pọ̀, odò kún, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé tí mo bá ń máàkì ìwé. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ni ojú là. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá onígààrí máa ń kó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ti ń wá láti ìgboro báyìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń kó gbogbo rẹ̀ kí n tó ti ilé ìwé dé. Odò gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Ìyá ń ru omi láti odò kejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí mo bá ní kó fi í sílẹ̀ fún mi, á ní ọkọ òun ló fi wọ́n sílẹ̀ fún òun.

Ọyẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà ẹran wá lẹ́ẹ̀mejì, ó gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó wo ọgbà náà yí ká, ó mi orí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Ẹni tó ní oúnjẹ màlúù mẹ́rin kì í kó méje wọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yẹ kí ẹ ti dín wọn kù." Ìyá dá a lóhùn pé wàsíyà ni. Ọkùnrin náà kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí ara mi tutù, torí ohun tó sọ yẹn gan-an lẹ máa ń ṣe lọ́dọọdún, tí a kàn rò pé torí Iléyá ni.

Àwọn akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́kọ́ lọ. Abo méjì tẹ̀lé wọn. Kò sí èyí tí a rí dú nínú wọn, a ó kàn jí bá òkú ni. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ òkú ẹran, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tà á fẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń ti Alákíà wá gbẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá, ẹ mọ bó ṣe ń le tó. Nígbà ìkarùn-ún, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó jókòó sínú kòtò, ó sunkún. Ó ní, "Bàbá ò lè ní ká máa wò wọ́n títí wọ́n á fi kú. Bàbá ò lè sọ bẹ́ẹ̀." Mo bu omi fún un mu.

Ó wá ku Adúmáadán àti Pupa ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àmì ohùn. Mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i, E ma lo, mo ní kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá kà. Àwọn kan jókòó pa, wọ́n ní mo ní "Ẹ má lọ." Àwọn yòókù gbé báàgì wọn kọ́ èjìká, ó di ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní mo ní "Ẹ máa lọ." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bi mí pé èwo wá ni mo fẹ́ gan-an. Mo di pátákó mú, Bàbá. Mo rí ìka yín tó ń lu ìwé.

Ẹ má tà wọ́n. Ẹ máa tà wọ́n. MA kan náà lẹ máa ń kọ fún méjèèjì, ẹ kì í kọ a kejì.

Mo délé, mo purọ́ fún Ìyá pé mo fẹ́ kọ ìwé náà sílẹ̀ kó má baà parẹ́. Mo gbé e síwájú oòrùn bí ẹ ṣe gbé lẹ́tà mi. Mo rí nǹkan dúdú kékeré kan lórí MA. Mo fi èékánná kàn án, ó ṣí kúrò. Ìgbẹ́ eṣinṣin ni.

Bí ó bá jẹ́ pé "ẹ máa tà wọ́n" lẹ wí, èé ṣe tí ẹ fi ìyókù agbára yín kọ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ "ẹ má tà wọ́n," èé ṣe tí ẹ fi tún na ọwọ́ sí pẹ́ńsùlù lẹ́yìn tí mo ti kà á bẹ́ẹ̀? Ìka tí ẹ fi lu ìwé lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá, Tíṣà, tún un kà? Mo ti rò ó títí, orí ń fọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ fún mi, èmi ni mo sì gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀la ni bọ̀ọ̀dá mi ń mú oníbàárà kan bọ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì tó kù má baà bá tàwọn yòókù lọ. Ìyá fárí gá. Lánàá ló gbé ìwé náà fún mi, ó ní, "Tíṣà, bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo wo ojú rẹ̀, mo wo èjìká rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lásán ló ru gbogbo omi yẹn? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Mo kà á bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ kìíní. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀rá wé e padà.

Kí ó tó gbà á, báírò wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi àmì sí i, tàbí kí n fi a kan kún un. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò mọ èyí tí mo máa fi sí i ni. Ọ̀la, wọ́n á tún gbé e síwájú mi, wọ́n á ní kí n kà á níwájú oníbàárà, màá sì la ẹnu. Mi ò mọ ohun tó máa jáde níbẹ̀.

Adúmáadán ti wá bá mi níbí. Ó ti gbé orí lé mi lórúnkún bó ṣe máa ń ṣe fún yín, ó ti gbẹ, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Mo rí eégbọn kan lábẹ́ etí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi tó le yìí yọ ọ́, Adúmáadán kò sì tàpá. Eégbọn náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi báyìí, Bàbá, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Èyí tó kéré jù ú lọ ni mo ń wá lórí ọ̀rọ̀ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó kàwé, tí kò mọ tiyín kà,
Tíṣà.