Orúkọ Ìlú Tó Wà Lẹ́yìn Jẹ́sì Oríyọmí

Oríyọmí bẹ̀ mí pé kí n yọ orúkọ ìlú rẹ̀ kúrò lẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ yẹn ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pa á. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Oníròyìn ni mí báyìí, mo ti kọ nípa ikú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yìí... mi ò lè kọ ọ́.

Nígbà náà, jẹ́sì ni mò ń tà ní Òde Ugbò, jẹ́sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí gbogbo etí omi wa fẹ́ràn. Ọjà kò kọ́kọ́ yá. Ni mo bá gé lẹ́tà funfun, mo ń fi àyọ́nù eléèédú lẹ orúkọ ìlú oníkálukú mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀: Zion Pepe, Òde Ugbò, Abereke. Wọ́n ń dù ú. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí oníkámẹ́rà.

Oríyọmí, apẹja láti Abereke, ni kọ́sítọ́mà mi àkọ́kọ́. Kò sí ibi tí ẹgbẹ́ ti gbá bọ́ọ̀lù tí kì í dé. Nígbà tí ìjà odò láàrin àwa àti àwọn aládùúgbò wa wá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró, tí wọ́n ń bi èèyàn pé ọmọ ibo ni, ó wá bá mi, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, kí n bá òun ṣí lẹ́tà yẹn kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àyọ́nù ti gbóná nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí ẹni kan bá yọ tirẹ̀, gbogbo wọn á yọ ọ́, ọjà mi á kú. Mo wí fún un níwájú àwọn èèyàn pé, "Sọ́pọ́tà gidi kì í sá fún orúkọ ìlú ẹ̀. Àbí o ti di ọmọ ibòmíràn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ jẹ́sì náà lọ sínú ọkọ̀.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo wá ẹni tó wa ọkọ̀ ọ̀hún rí. Ó ní, "Oríyọmí sọ fún àwọn tó dá wa dúró pé àlejò lòun, pé tíṣà lòun. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ti ní ká máa lọ. Ni ọ̀kan bá ní kó kọ ẹ̀yìn sí òun."

Àwọn apẹja tó rí òkú rẹ̀ lójú omi ka ẹ̀yìn jẹ́sì, wọ́n gbé e lọ sí Abereke. Ìyá rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ sin, ọ̀pọ̀ ìyá kò rí tiwọn. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣàdúrà fún mi. Tí mo bá lọ kí i, á gbé ẹja yíyan síwájú mi, á ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo dá Oríyọmí padà fún mi." Mo máa ń jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí ni mo fẹ́ sọ? Títí dòní, tí ẹni tó wọ jẹ́sì bá wà níwájú mi lọ́nà, mo máa ń sáré kọjá kí n má bàa ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá Oríyọmí ti dùbúlẹ̀ àìsàn báyìí. Ó ránṣẹ́ pé kí n ṣe irú jẹ́sì yẹn kan fún òun, pẹ̀lú orúkọ Abereke lẹ́yìn, pé ìyẹn ni kí wọ́n wọ̀ fún òun tí wọ́n bá fẹ́ sin òun. Mo ti ṣe é tán. Lọ́la ni màá wọkọ̀ lọ... Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé kí n gbé e fún un kí n dákẹ́, àbí kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n ṣe? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá náà, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?