Oyin Gba Pálọ̀ Yín

Bàbá mi tí kì í fẹ́ ariwo,

Pálọ̀ yín ti ní àlejò. Oyin ni. Wọ́n gba ihò tó wà láàárín àjà àti ògiri wọlé, lókè àga yín gan-an, wọ́n sì ń kùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ lé mi jáde níbẹ̀ rí torí pé mo sín, ẹ dìde, ẹ wá lé wọn.

Ẹ kú tán ni a tó rí ìwé ogún tí ẹ kọ. Ilé yìí, ní Laranto lókè Ọya níbí, di ti àbúrò yín ní Iléṣà, ẹni tí kò wá wò yín rí. Èmi tí mo tọ́jú yín títí ẹ fi kú, ẹ ní kí n lọ wá ọkọ. Ṣé ọkọ ni òrùlé, Bàbá?

Bàbá Kékeré, àbúrò yín náà, wọ ọkọ̀ ojú irin dé. Kóòtù dúdú yín, èyí onírun àgùntàn, ni ó kọ́kọ́ béèrè, torí àbúrò ní í jogún aṣọ ẹ̀gbọ́n. Ó wọ̀ ọ́, ó da lọ́fíńdà sí i, kò bọ́ ọ mọ́. Ó ní kí n kó ẹrù mi kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bá òun wá ẹni tí yóò lé oyin.

Mo pe Malam Ìdí, tó máa ń so ilé oyin oníkoríko mọ́ igi lọ́nà Vom. Bàbá Kékeré kò gbọ́ Hausa. Èmi ni ògbufọ̀.

Malam wò ó láti òkè délẹ̀. "Haba, Baba! A cire baƙar riga!"

"Kí ló wí?"

Ohun tó wí ni pé kí ó bọ́ aṣọ dúdú náà. Oyin kórìíra aṣọ dúdú onírun, ó sì kórìíra lọ́fíńdà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó ní aṣọ yẹ yín, Bàbá."

"Sọ fún un pé mo mọ̀. Gbé ìtùfù yẹn wá jàre, ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin ará Òkè Ọya jù!"

Ó gba ìtùfù lọ́wọ́ Malam, ó gun àga yín, ó sì nà án sí ihò oyin. Gbogbo wọn tú bò ó.

Ẹ ò rí eré, Bàbá. Ó sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ́ sínú omi kòtò kùsà, tòun ti kóòtù yín. Ojú rẹ̀ wú débi pé ohùn la fi ń dá a mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà.

Malam mọ ohun tí mo ṣe, torí ó rí i pé Bàbá Kékeré kò bọ́ kóòtù. Ọjọ́ méjì ni kò fi yà sílé. Lẹ́yìn náà ó wá kọ́ mi: aṣọ funfun, èéfín díẹ̀, ọwọ́ jẹ́jẹ́. Kí n gé afárá kan, kí n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Torí náà n kò lé wọn. Inú ife tánganran yín, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ni mo gé afárá àkọ́kọ́ sí. Nígbà tí ikọ́ ń dà yín láàmú, oyin ni mo máa ń pò mọ́ ẹ̀kọ yín. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ ò béèrè rí.

Bàbá Kékeré ti kọ̀wé. Ó ní òun ò fẹ́ ilé mọ́, pé ẹ̀yin lẹ rán oyin láti gbèjà ọmọ yín. N kò ní bá a jiyàn. Oore kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́wọ́ yín nìyẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì ṣe é.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
tó ṣì wà nílé.