Aṣọ Ìbora Tó Ń Tóbi Sí I

Sí àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọmọ ọmọ mi le, ṣé ọkọ rẹ náà ń jí dáadáa? Ẹni tó mú ọ la òkun já kò ní jẹ́ kí o rì sórí ilẹ̀. Àwa náà wà níbí, a ṣì ń mí. Orúnkún bàbá rẹ kò tíì jẹ́ kó gbádùn, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má sunkún sórí ìwé kí lẹ́tà má baà ṣàn, ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́, ṣé ó máa ń wo ibi tí omijé rẹ̀ ń kán sí ni?

Àwọn ẹ́ḿbásì tún ti kọ̀ fún mi láti wá sọ́dọ̀ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.

Ọjọ́ tí o sọ fún mi pé o lóyún ni mo tú àpótí aṣọ, mo gé yunifọ́ọ̀mù rẹ àtijọ́, aṣọ ìgbéyàwó mi, àti ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ tí kọ́là rẹ̀ ti já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn mọ́ra wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin kó lè di aṣọ ìbora ọmọ. Àárín rẹ̀ ni mo fẹ́ fi òwú ya pẹ́pẹ́yẹ sí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ìyá àgbà kọ́ wa yẹn, tí òwú máa ń dábùú ara wọn bí àgbélébùú kéékèèké. Mo pín iṣẹ́ náà mọ́ ìrìnàjò. Kí n tó gba ìwé ìrìnnà, ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Kí n tó kúrò nílé, ikùn rẹ̀. Orí, inú bàálù ni mo fẹ́ ti ṣe é. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù, ní wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ní ṣé wọ́n rò pé mo máa gún bàálù náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jò ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Fọ́ọ̀mù náà ní kí n mú sítétímẹ́ǹtì wá láti báǹkì. Èmi tí mo mọ̀ pé ọlọ́pàá ló ń gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu èèyàn, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ bá akọ̀wé báǹkì, mo rò fún un láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, pé n kò jalè rí, pé ewúrẹ́ aládùúgbò tó kú lọ́jọ́ sí, kì í ṣe èmi ni mo pa á. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó wá fún mi ní bébà tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀, kò kọ ọ̀kan ṣoṣo síbẹ̀ nínú ohun tí mo sọ.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ẹ́ḿbásì bi mí pé ìgbà wo ni màá padà sílé. Mo ní nígbà tí ọmọ bá lè pè mí ní ìyá àgbà. Ó ní ọjọ́ mélòó nìyẹn. Mo ní ọwọ́ ọmọ ló wà. Ó lu òǹtẹ̀ pé wọn kò gbà. Nígbà kejì mo ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí olùkọ́ ṣe kọ́ mi, ó ní èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì. Nígbà kẹta, kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan.

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kọ̀, màá padà wá jókòó ti fèrèsé, màá rán ìlà kan sí i yí aṣọ náà ká, torí ọmọ kì í dúró de òǹtẹ̀ kó tó dàgbà. Nígbà tí o fi ọmọ hàn mí lójú fóònù, mo yára mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún pé ebi ń pa yín. Olùkọ́ ló ṣàlàyé pé gbogbo èèyàn ni fóònù máa ń sọ di ràrá. Ó dáa, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n ọmọ tí n kò gbé rí? Ó ti ń rìn báyìí, aṣọ náà sì ti bo bẹ́ẹ̀dì mi láti igun dé igun, síbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kò lórí. Dókítà ní nǹkan funfun ti ń bo ojú mi ọ̀tún. Bàbá rẹ, tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí láyé, òun ló ń fi òwú sí i fún mi. Lánàá, ó bi mí bóyá màá tún lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ní rárá. Ó wo ilẹ̀, ó sì fi òwú sínú abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí wa ń bọ̀ wá sí ìlú yín lóṣù tó ń bọ̀, òun ni màá fún ní aṣọ náà bó ṣe wà. Bí ó bá gùn jù, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ má gé e. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán an padà fún iṣẹ́ abẹ ojú mi. Má fi í sínú fóònù o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ nígbà yẹn, mo gbọn fóònù náà títí apá fi ń ro mí, ẹyọ kan kò jáde.

Ilé rẹ kò ní tú. Ọmọ rẹ yóò gbó, yóò tọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló ti máa mọ̀ mí.

Èmi ni ìyá rẹ.