Ọjọ́ Méje fún Ihò Imú Kọ̀ọ̀kan

Mizuho ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Tokyo? Kí àwọn babańlá wa má jẹ́ kí iṣẹ́ ìlú ńlá rẹ̀ ọ́. Gbogbo wa wà níbí, àfi imú bàbá rẹ.

Eruku òdòdó igi sugi tó ń fẹ́ kiri lásìkò yìí ló dí i. Mo ra oògùn tí wọ́n ń fín símú, mo sì ní kí fóònù tí o fún mi máa ké pè é ní wákàtí méjì-méjì, torí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tí wọ́n kọ sí páálí, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Mo ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò: ihò méjì ni imú ní, ọjọ́ méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlá nìyẹn, mi ò sì ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn.

Bó ṣe ń fín in ni imú ń dí sí i. Lọ́jọ́bọ̀ tí a fi ewé díẹ̀ dán ẹ̀rọ tí a fi ń yan ewé tíì tí à ń tà wò, bàbá rẹ dúró tì í, ó ní òórùn rẹ̀ dára, àṣé ewé ti jóná. Ìyá Oishi aládùúgbò wa gbé garawa omi sáré dé, ó ní ṣé èédú la wá ń tà báyìí. Ogójì ọdún ni bàbá rẹ ti ń fi imú yẹn mọ ìgbà tí ewé jinná. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo lọ ra ìgò mẹ́rin sí i. Kuramochi apoògùn kò tà á fún mi. Ó ní a ti lo oògùn náà pẹ́ jù, òun gan-an ló ń dí imú báyìí, pé imú kan ni ihò méjèèjì, àti pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ti bàbá rẹ ì bá ti bèèrè kó tó fín in rárá. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ lọ́jà títà tó fi ń lé oníbàárà. Ó ní òun fẹ́ kí oníbàárà òun pẹ́ láyé ni.

Mo ti gba ìgò lọ́wọ́ bàbá rẹ. Dókítà imú fún un ní oògùn mìíràn, ó ní ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì kí imú tó ṣí. Mo ní kó dín in sí ọjọ́ mẹ́rin, ó ní imú kì í gba àṣẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí a já ewé tíì àkọ́kọ́ ọdún yìí.

Nítorí náà, fi owó dókítà ránṣẹ́, kí o sì máa bọ̀. Ìwọ nìkan ni bàbá rẹ kọ́ ní òórùn ewé. Ó ní kí n má pè ọ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Ìgò oògùn tí ìwọ náà ń fín símú, tó wà nínú báàgì rẹ ńkọ́? Tí o bá ti lò ó tó ọjọ́ méje, fi í sílẹ̀ lónìí, má sì yá ẹnikẹ́ni lò.

Kí ọ̀nà rẹ là, kí imú rẹ ṣí. Bàbá rẹ ni yóò di ẹ̀rọ mú. Tí o bá ti ní ewé jinná, yóò pa ẹ̀rọ náà.

Ìyá rẹ,
Tomoe